Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ hám rédíò ní Kubwa, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà_Kubwa

Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́ ni mo ní kí n gbé wá síbí. Kàdúná la gbé nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi tó ti di olóògbé ní rédíò kan tó tóbi bíi páálí bàtà, tó bá ti di alẹ́ wọ́n á so wáyà mọ́ ọ̀pá ẹ̀, wáyà yẹn á gba ojú fèrèsé lọ sórí igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n á wá máa yí bọ́tìnnì ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á gbọ́ BBC, wọ́n á gbọ́ Rédíò Nàìjíríà Kàdúná, àmọ́ nígbà míì wọ́n á dúró síbì kan táwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ, kò ní yé wa, wọ́n á ní "àwọn yìí kì í ṣe iléeṣẹ́ o, èèyàn bíi tiwa ni wọ́n, inú ilé wọn ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà náà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé hám rédíò ni wọ́n ń pè é.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo rẹ́ǹtì ní Kubwa báyìí, owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà? Mo rí i tí wọ́n ń ta rédíò ọwọ́ Baofeng káàkiri, ṣé kí n lọ ra ìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n_Lugbe

Ẹ káàbọ̀ tíṣà wa, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ bíi pẹ́pẹ́yẹ yẹn, SSB ni. Rédíò ilé wa, AM ló mọ̀ ọ́n gbọ́. Lórí shortwave, ọ̀pọ̀ hám ti yọ ìgbì tó ń ru ohùn kúrò, wọ́n tún ti gé ìdajì ohùn fúnra ẹ̀ dànù, kí gbogbo agbára rédíò lè wà lára èyí tó kù. Ó máa ń rìn jìnnà nítorí ẹ̀, ṣùgbọ́n rédíò tí ò bá ní SSB ò lè tún un tò padà, ni ẹ ṣe ń gbọ́ pẹ́pẹ́yẹ.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Mo tún un sọ, ẹ má tíì náwó. Etí la fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ní fóònù àti dátà díẹ̀, ẹ wá WebSDR ti yunifásítì Twente ní Netherlands. Rédíò gidi ni, wọ́n so ó mọ́ áńténà gidi níbẹ̀ wọ́n wá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa yí i. Ẹ tẹ 14200 síbẹ̀ (kHz ni, ìyẹn 14.2 MHz), ẹ yan USB (ìdajì ohùn ti òkè, kì í ṣe USB ti fóònù o), kẹ́ ẹ wá máa rìn lọ rìn bọ̀ láàárín 14000 sí 14350. Tílẹ̀ bá ṣú ẹ lọ sí 7000 sí 7200, ẹ yan LSB (ìdajì ti ìsàlẹ̀) níbẹ̀. Àṣà wọn ni pé ohun tí ò bá tó 10 MHz, LSB ni, tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, USB.

Ẹ mú ìwé àti bírò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ máa gbọ́ "CQ, CQ", ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ mi kó dá mi lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á pe callsign wọn (orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lórí rédíò), ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló ń sọ ìlú tónítọ̀hún wà. Tiwa ní Nàìjíríà, 5N ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Gánà 9G, Bẹ̀nẹ̀ TY, Niger tó múlé ti wá lápá òkè 5U, Kamẹrúùnù TJ, Gúúsù Áfíríkà ZS, Sípéènì EA, Brazil PY, Japan JA. Wọn kì í kàn pe lẹ́tà lásán o, Alfa, Bravo, Charlie ni wọ́n ń pè é, torí ariwo ojú afẹ́fẹ́ lè jẹ́ kí B dún bíi D. Ẹ fi orúkọ ara yín dánra wò. Tó bá jẹ́ Bọ́lá ni: Bravo, Oscar, Lima, Alfa. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní praimari 4 mọ gbogbo ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó tún fi ń pe orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ kiri inú ilé.

Ará_Suleja

Tíṣà, lórí Baofeng yẹn, ẹ jẹ́ n sọ tèmi kẹ́ ẹ fi mí kọ́gbọ́n. Mo ra ọ̀kan, inú mi ń dùn, mo kì í bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi mo wọ ọkọ̀ Minna. Ìkorítá kan tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀, ojú ẹni tó rí rédíò yẹn lápò mi yí padà lójú ẹsẹ̀. Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ta ló fún ẹ? Mo ní eré ni mò ń fi í ṣe. Ìwé dà? Mi ò ní. Wọ́n jókòó tì mí látàárọ̀ títí wọ́n fi kírun Àsárì, ọkọ̀ ti gbéra, àbúrò màmá mi ló wá dúró fún mi. Mi ò dá wọn lẹ́bi o, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí lápá òkè yìí, irú rédíò yẹn làwọn tó ń jí èèyàn gbé náà ń lò.

Baofeng UV-5R kì í ṣe rédíò burúkú, kò wọ́n, wáàtì 5 ló ní tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó léwu nínú ẹ̀ ni pé ó lè sọ̀rọ̀ níbi tí kò yẹ. Ìlà 144 sí 146 MHz àti 430 sí 440 nìkan ni ti hám níhìn-ín, àmọ́ rédíò yẹn á gbà fún ẹ láti 136 lọ dé 174, àwọn agbófinró àti iléeṣẹ́ ló wà nínú ìyókù. Ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì síbẹ̀ ti tẹ ìjàngbọ̀n. Ìwé àṣẹ kọ́kọ́, rédíò lẹ́yìn. Tó bá sì di ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e rìnrìn àjò, inú báàgì ni kó wà, kẹ́ ẹ yọ bátìrì ẹ̀, kí ẹ̀dà ìwé yín wà pẹ̀lú ẹ̀.

Ọ̀dọ́_Mararaba

Ẹ má bínú o, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Pẹ̀lú bí WhatsApp ṣe wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn yìí, kí lèèyàn tún fẹ́ fi rédíò ṣe?

Bàbá_Ọ̀fà_Kánò

Ìbéèrè tó dáa ni o bi, ọmọ mi. Jẹ́ n dá ẹ lóhùn.

Lọ́dún 2013, nígbà tíjọba kéde pàjáwìrì ní Bọ́nọ̀, Yobe àti Adamawa, wọ́n pa gbogbo nẹ́tíwọ̀kì fóònù níbẹ̀. Àna mi wà ní Maiduguri. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ìyàwó mi ò gbóhùn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, á jí lóru á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. A máa ń lọ sí gáréèjì lọ bi àwọn dẹ́rẹ́bà bóyá wọ́n gba àdúgbò yẹn kọjá. Lọ́dún 2021 wọ́n tún ṣe irú ẹ̀ ní Zamfara. March 2024 ńkọ́, tí wáyà abẹ́ òkun já lẹ́ẹ̀kan náà tí íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní báńkì àti lórí fóònù? Gbogbo nǹkan tá à ń lò yìí ló gba ọwọ́ ẹlòmíì kọjá. Tí ẹni yẹn bá pa á, ó parí nìyẹn.

Rédíò tí mo ń sọ, wáyà tí mo fọwọ́ ara mi gé ni, bátìrì mọ́tò ló ń lò, láàárín èmi àti ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ní Brazil kò sí mástì kankan, kò sí ẹni tó ń gba owó dátà. Ìgbì náà máa lọ sókè, ibi tó tó bí 100 sí 400 kìlómítà sílẹ̀, oòrùn ti sọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ di nǹkan tó ń dá ìgbì padà wálẹ̀ bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá lu ògiri. Á kanlẹ̀, á tún lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dé òdìkejì ayé. Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́nì kan dá mi lóhùn láti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé mi ò lè kọ callsign ẹ̀ sílẹ̀, ó ní láti tún un pè fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣe sùúrù fún mi. Mi ò rí ọkùnrin yẹn rí láyé, àmọ́ mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Oòrùn náà sì lọ́wọ́ sí bó ṣe ń lọ jìnnà tó. Bí ọdún 11 síra ni oòrùn máa ń gbóná tó tún máa ń rọlẹ̀, October 2024 ni NASA àti NOAA kéde pé ó ti wọ ìgbà tó gbóná jù. Bó bá ṣe ń gbóná bẹ́ẹ̀ ni báǹdì (ìlà ìgbì táwa hám ń lò) 10, 12 àti 15 mítà ṣe máa ń ṣí fún wa.

Ọ̀dọ́_Mararaba

Ó ti yé mi dáadáa sà, ẹ ṣé gan. Èmi náà á máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Ìyá_Ìbejì_Jos

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ n fi ti òkè tiwa kún un, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé rédíò ọwọ́ á bá wọn dé Lọ́ndọ̀nù. Rárá o. VHF, ìyẹn ìlà 144 sí 146 tí rédíò ọwọ́ ń lò, kì í gbá ojú ọ̀run padà, ibi tí ojú bá rí ló ń lọ. Ẹni tó bá dúró sílẹ̀, tí rédíò wà ní ẹnu ẹ̀, bíi kìlómítà 5 ni ilẹ̀ máa tẹ̀ mọ́ ọn lójú. Kónítọ̀hún wá gun òkè tó fi 100 mítà ga ju àyíká ẹ̀ lọ, á lé ní 40 kìlómítà. Ìdí nìyẹn tí Jos fi dùn fún wa, ìlú yìí tó bíi 1,200 mítà sókè. Ní Abuja ẹ wá àyè sórí àwọn òkè Mpape, tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ Kubwa láàárín ilé lẹ wà ẹ lè pe CQ lórí VHF fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́nikẹ́ni má dáhùn.

Àmọ́ ohun kan wà tẹ́ ẹ lè gbọ́ láti inú kọ́ḿpáùndì yín, gbígbọ́ nìkan ni, ẹ ò ní sọ̀rọ̀. Ilé ojú òfuurufú yẹn, ISS, tó ń yí ayé po láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, hám rédíò wà nínú ẹ̀. 145.800 MHz, FM, ni wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀, repeater wọn (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn hám tó tún ń jù ú padà) ń sọ̀kalẹ̀ lórí 437.800. Ẹ gba app tó ń sọ ìgbà tó máa kọjá lókè yín, tó bá yọ, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ tó ti wọ̀. Èmi pẹ̀lú àwọn ìbejì mi jáde sórí àpáta lẹ́yìn ilé lálẹ́ ọjọ́ kan, mo mú rédíò ọwọ́ dání, mo fi wáyà tó gùn tó 49 sẹ̀ǹtímítà dípò rọ́bà kúkúrú tó bá a wá. Ó kọ́kọ́ ń hó bí epo tó gbóná. Lẹ́yìn náà ohùn yọ, àwọn hám lóríṣiríṣi tí wọ́n ń gba inú ẹ̀ sọ̀rọ̀, Kẹ́hìndé nawọ́ sókè ó ní "màámi, òun nìyẹn!", ìmọ́lẹ̀ funfun kan ń lọ gẹ̀rẹ̀ láìṣẹ́jú. Inú ohun tó ń tàn yẹn ni ohùn yẹn ti ń wá.

Bẹ́ ẹ bá jẹ́ tíṣà lóòótọ́, ẹ ronú nípa ìyẹn fáwọn ọmọ yín. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní ARISS, òun ló ń so àwọn iléèwé pọ̀ mọ́ àwọn tó wà lókè lọ́hùn-ún.

Tíṣà_Kubwa

Màmá ìbejì, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo kà á. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á ya wèrè tí wọ́n bá gbọ́ èyí! Ẹ ṣé gan ni o.

Mo ti ń gbọ́ Twente láti alẹ́ àná, mo ti kọ callsign 14. Ìbéèrè méjì ló kù: níbo ni mo ti máa gba ìwé àṣẹ, àti irú áńténà wo ló lè wọ kọ́ḿpáùndì mi? Mítà 12 ni láti ògiri dé ògiri, mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n_Lugbe

Ìwé: NCC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, tó wà ní Maitama ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe amateur radio lásìkò yìí. Kẹ́ ẹ sì wá ẹgbẹ́ wa kàn, Nigeria Amateur Radio Society, NARS, wọ́n wà lábẹ́ IARU tó so gbogbo hám ayé pọ̀ láti 1925. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ á mú yín lọ́wọ́ gba ọ̀nà tó tọ́. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á "bá yín yanjú ẹ̀" níta lówó. Òfin àgbáyé ò ní dandan ni kéèyàn mọ Morse (fífi ìró kúkúrú àti gígùn pe lẹ́tà) mọ́, wọ́n ti mú un kúrò níbẹ̀ láti 2003.

Kẹ́ ẹ tún mọ ohun tí kì í ṣe ti hám: a kì í fi tajà, a kì í kọ orin sí i, a kì í fi àṣírí ránṣẹ́, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ ẹ gbọ́dọ̀ pe callsign yín. Ẹ gbọ́ ẹni tó wà lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, bí ìgbà tèèyàn bá dé ibi táwọn àgbà jókòó sí.

Áńténà: dipole ni, ìyẹn wáyà méjì tó gùn bákan náà tí kébù so mọ́ àárín wọn. Ẹ mú 143, ẹ pín in pẹ̀lú MHz, mítà lẹ máa rí. 143 tá a pín sí 14.2, á fi díẹ̀ lé ní mítà 10, ẹ gé e sí méjì, mítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ kan, mítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mítà 12 yín á gbà á dáadáa. Wáyà iná ilé lásán ti tó. Ẹ fi páìpù PVC kékeré ṣe àárín, irin inú kébù á lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọ̀n tó yí i ká á lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ fi okùn náílọ́ọ̀nù so etí méjèèjì. Tẹ́ ò bá ní òpó méjì, ẹ gbé àárín sókè kẹ́ ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ méjèèjì sọ̀ sísàlẹ̀. Fún gbígbọ́ nìkan, kébù DStv náà á ṣe é. Tó bá di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀, ẹ wá kébù 50 ohm, kẹ́ ẹ wọn SWR ẹ̀ (tó ń sọ bí agbára tó ń padà sínú rédíò ṣe pọ̀ tó) kó má ju 2 lọ, ẹ má sì tẹ bọ́tìnnì láé láìsí áńténà lára rédíò, ó lè jó.

Mo bẹ̀ yín, kí wáyà yìí jìnnà sí wáyà NEPA. Kó jìnnà débi pé tó bá já, kò lè kàn án. Ẹ má gbé e gba orí ẹ̀, ẹ má gbé e gba abẹ́ ẹ̀. Tí òjò bá ti ń ṣú, ẹ yọ kébù kúrò lára rédíò kẹ́ ẹ gbé e síta, ààrá Abuja láti April títí dé October kì í ṣeré.

Bàbá_Ọ̀fà_Kánò

Ó kù ọ̀kan tẹ́nikẹ́ni ò tíì sọ, òun ló sì ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá: ariwo. Wàá gbé wáyà sókè, wàá tan rédíò, "ṣṣṣṣṣṣ" ló kù tí wàá máa gbọ́, wàá ní rédíò ò dáa. Inú ilé ni ariwo yẹn ti ń wá. Tèmi, bátìrì ni mo fi tan rédíò, mo wá ń pa nǹkan inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, ariwo ṣì wà. Mo yọ ṣájà fóònù, ó dínkù díẹ̀. Mo pa gílóòbù LED tó wà ní kọ́rídọ̀, ó tún dínkù. Ìgbà tí mo já wáyà sólà kúrò lára controller ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ tó parọ́rọ́, mo gbọ́ èèyàn mẹ́rin lórí ibi tó ti ṣófo láti oṣù kan. Mo lọ́ wáyà sólà náà mọ́ra wọn, mo fi òrùka ferrite tó ń pa irú ariwo bẹ́ẹ̀ sí i, mo gbé áńténà lọ sí igun kejì ilé.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí báǹdì ṣe dákẹ́ tó lóòótọ́, ẹ dúró de ìgbà tí NEPA bá mú iná gbogbo àdúgbò, kẹ́ ẹ sáré síbi rédíò káwọn èèyàn tó tan jẹnẹrétọ̀.

Nígbà ọyẹ́ ńkọ́, eruku gbígbẹ tó ń fẹ́ lu wáyà máa ń kó iná sí i lára. Ẹnu kébù tèmi ti gbá mi lọ́wọ́ rí, mo rí i tó ṣáná. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu kébù kan irin tó wọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó kì í bọ rédíò.

Ará_Suleja

Rédíò tó ní SSB fún gbígbọ́, Tecsun PL-330 kò tóbi ju ọwọ́ lọ, ẹ lè rí àlòkù. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ ní, RTL-SDR, rédíò tí wọ́n ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà, náà ń bẹ, kò tóbi ju flash lọ.

Tíṣà_Kubwa

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin òbí mi, mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo rí Tecsun àlòkù rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó lọ sí ìlú míì. Lanlọ́ọ̀dù wa kọ́kọ́ fajú ro, mo wá jókòó ti bàbá náà mo ṣàlàyé fún wọn, mo fi app ISS hàn wọ́n, àṣé àwọn náà máa ń gbọ́ shortwave nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ṣókótó, àwọn gan-an ni wọ́n ní kí n lo igi máńgòrò wọn. Mítà 5 síbí, mítà 5 sọ́hùn-ún, àárín ẹ̀ wà lórí igi, ó jìnnà sí wáyà iná bẹ́ ẹ ṣe sọ. Mo ti lọ sí Maitama lọ béèrè, mo ti kọ̀wé sí NARS pẹ̀lú.

Sátidé, wọ́n mú iná. Mo rántí ọ̀rọ̀ Bàbá Ọ̀fà, mo sáré wọlé mo tan rédíò nínú òkùnkùn. Ibi tó ti ń hó látọjọ́ yìí dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti sùn. Mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí bàbá mi ṣe máa ń yí i. Mo gbọ́ pẹ́pẹ́yẹ, mo tẹ SSB, mo yí i sí i díẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ yẹn di ọkùnrin kan. "CQ, CQ, Echo Alfa..." Sípéènì! Kì í ṣe Twente o, wáyà tèmi lórí igi máńgòrò ló gbé e wá. Mo pe màmá mi tí wọ́n wá kí mi láti Kàdúná, wọ́n gbé àga wọn súnmọ́ ọn, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní "ohun tó ń gbọ́ nìyẹn."

Mo ti kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé mi: 20:14 UTC (aago àgbáyé), aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 14 lọ́dọ̀ wa, 14 MHz, USB, Sípéènì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹni tí ò tíì ní callsign lè fi káàdì QSL, káàdì táwọn hám fi ń jẹ́rìí, ránṣẹ́ sí i pé mo gbọ́ ọ?

Ìyá_Ìbejì_Jos

Ó ṣeé ṣe dáadáa, SWL là ń pe ẹni tó ń gbọ́ nìkan, inú wọn máa ń dùn sí i. Ẹ kọ ọjọ́, aago UTC, frequency, ohun tẹ́ ẹ gbọ́ ẹ̀ tó ń sọ àti bó ṣe dún tó sí i. Ẹ kọ Kubwa síbẹ̀ gàdàgbà. Ẹ sì bá mi kí màmá.